Dexa àti Orí Tó Wú

Ní gbogbo àsìkò tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní agbègbè Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́ tí àwọn ará ilé aláìsàn mọ orúkọ rẹ̀ tó dexa, ìyẹn dexamethasone. Wọn kì í béèrè mannitol tó ń fa omi jáde láti inú ọpọlọ, wọn kì í béèrè oògùn tó ń mú gìrì rọlẹ̀. Dexa ni. Wọ́n á gbé ẹni tó jábọ́ lórí ọ̀kadà dé láti ọ̀nà Àkúrẹ́, kí wọ́n tó béèrè bóyá yóò yè, wọ́n á ní, "Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti fún un ní dexa?" Ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá wó nínú balùwẹ̀, ìbéèrè kan náà ni. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ọ̀dọ̀ àwa òṣìṣẹ́ ìlera ni wọ́n ti kọ́ ọ. Nígbà tí mo wọṣẹ́, dókítà kò ní tíì parí gbólóhùn rẹ̀ tí a ó ti máa ṣẹ́ ọrùn ìgò dexa, fún orí tó fọ́, fún rọpárọsẹ̀, fún ẹnikẹ́ni tí a bá ti fura pé ọpọlọ rẹ̀ ń wú.

Ohun tó mú ká gbà á gbọ́ kò fara sin: a fojú ara wa rí i tó ṣiṣẹ́. Mo rántí ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà. Orí ti ń fọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, òwúrọ̀ ló sì máa ń bì jù. Wọ́n ti gbé e káàkiri. Àwọn kan ní ibà ni, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Ìgbà tí wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀ ní Ìbàdàn ni wọ́n tó rí kókó nínú ọpọlọ. Nígbà tó fi máa padà dé ọ̀dọ̀ wa láti dúró de iṣẹ́ abẹ, kò dá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Dókítà kọ dexa fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó ti jókòó fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ń béèrè ẹni tó ń jókòó sí ìsọ̀ òun, ó sì ń bá ọmọ rẹ̀ obìnrin jà lórí gbèsè tí wọn kò tíì gbà. Gbogbo wọ́ọ̀dù ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rí irú ìyẹn lẹ́ẹ̀kan kò lè gbàgbé, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa yá láti fún gbogbo orí tó bá ń dùn ní dexa.

Iṣẹ́ gidi ni oògùn náà ṣe fún ìyá yìí o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Láti 1961 ni Joseph Galicich àti Lyle French ti fi hàn ní Minnesota ní Amẹ́ríkà pé dexamethasone máa ń fa wíwú tó yí kókó inú ọpọlọ ká wálẹ̀, títí dòní olónìí kò sì tíì kúrò lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ọ̀kan ló jẹ́ nínú àwọn oògùn tí à ń pè ní sítẹ́rọ́ọ̀dì, tí wọ́n ṣe ní àwòkọ họ́mọ̀nù tí ara wa fúnra rẹ̀ ń pèsè láti inú ẹran kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn tí oríkèé ń ro ní ọ̀kan nínú àwọn họ́mọ̀nù yìí, àwọn tí kò lè dìde lórí ibùsùn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ní 1950, Kendall, Reichstein àti Hench gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn ti ń wá ibòmíràn tí wọn ó tún ti lò ó, orí sì wà lára àwọn ibi tí ojú wọn kọ́kọ́ lọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò là yé mi nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ni pé wíwú inú ọpọlọ kì í ṣe ẹyọ kan. Ti kókó yàtọ̀: àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ kókó kì í dí dáadáa, omi á máa jò láti inú wọn sí àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, dexa á sì mú kí ojú ibi tó ń jò náà sún kì. Ti rọpárọsẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kò rí atẹ́gùn, kò rí ṣúgà, agbára tó fi ń ti iyọ̀ síta tán. Iyọ̀ wọlé, omi tẹ̀ lé e, sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ wá wú bí ẹ̀wà tí a rẹ mọ́jú. Kò sí ojú ìjò kankan níbẹ̀ tí dexa fẹ́ dí. Lóòótọ́, bó bá yá, iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ẹni tó sì fi orí gbálẹ̀ sábà máa ń ní oríṣi méjèèjì pọ̀. Ìyẹn gan-an ló mú kó rọrùn láti rò pé oògùn tó wo ọ̀kan á kúkú ran èkejì lọ́wọ́. Agbárí àgbàlagbà kì í fẹ̀, bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá wú, ìsàlẹ̀ ló máa tì í sí, níbi tí ohun tó ń darí èémí wà. Ibẹ̀ ni ikú ti ń wá. Àwa tí a dúró ti bẹ́ẹ̀dì mọ èyí, ìdí sì nìyí tí ọwọ́ wa kò fi lè sinmi. A fẹ́ fi nǹkan sínú sírínjì.

Ní tèmi, iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ní wọ́ọ̀dù kò sí nínú sírínjì. Ìwé tí a fi ń ṣọ́ orí ni, èyí tí àwọn dókítà méjì, Teasdale àti Jennett, gbé jáde ní Glasgow ní 1974. Ojú ní máàkì mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ẹnu ní márùn-ún, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní mẹ́fà. Ẹni tí ara rẹ̀ pé gba 15, ẹni tí kò mọ nǹkan kan rárá gba 3. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Mo máa dúró lápá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì, màá pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é nílé, kì í ṣe èyí tó wà lára káàdì, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa dáhùn sí Délé tí kò ní dáhùn sí Bámidélé. Bí kò bá la ojú, màá fi ìdí bírò tẹ èékánná ìka rẹ̀. Màá wò ó: ṣé ó fa ọwọ́ náà sẹ́yìn lásán ni, àbí ó gbé ọwọ́ kejì wá láti lé mi? Ẹni tó gbé ọwọ́ kejì wá ṣì ń bá wa gbé. Ẹni tó na ọwọ́ gbọọrọ, tó yí ọrùn ọwọ́ síta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti fẹjú. Lẹ́yìn náà, màá tan tọ́ọ̀ṣì sí ọmọlójú ọ̀tún, màá tan án sí ti òsì. Bí ọ̀kan bá fẹ̀ tí kò sún kì nígbà tí iná kàn án, ẹsẹ̀ mi ti wà lójú ọ̀nà láti lọ pe dókítà. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó: máàkì méjì tó bá já wálẹ̀ láàárín wákàtí kan sí èkejì ti sọ ohun tí ojú lásán kò ní rí títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń kùn pé ìwé kíkọ ti pọ̀ jù. Mo máa ń rán wọn létí pé àwa ará Iléṣà kọ́ ló yẹ kó fojú kéré ìwé ṣíṣọ́. Ní ilé ìwòsàn Wẹ́sílì níbí ni dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950, tó ń fi káàdì ìwọ̀n tí ìyá ń mú lọ sílé ṣọ́ bí ọmọdé ṣe ń dàgbà. Káàdì yẹn rìn ká ayé. Bírò àti páálí ni, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Ní 2004 ni ìròyìn ìwádìí CRASH dé. Ọ̀gá dókítà kan ló mú ìwé rẹ̀ wá síbi àyẹ̀wò òwúrọ̀, ó ká a lẹ́ẹ̀mejì, ó fi sínú àpò kóòtù. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti darí ìwádìí náà, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn 239 ní orílẹ̀-èdè 49 ló kópa. Àwọn àgbàlagbà tó fi orí gbá, tí kò tíì ju wákàtí mẹ́jọ lọ, tí máàkì wọn jẹ́ 14 tàbí kó dín, ni wọ́n gbà. Wọ́n fi kèké pín wọn sí méjì: wọ́n fa methylprednisolone, tí òun àti dexa jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, sí àwọn kan lára fún wákàtí 48, wọ́n fa omi tí kò ní oògùn nínú sí àwọn yòókù lára. Aláìsàn kò mọ èyí tó gbà, dókítà kò mọ̀. Èèyàn 20,000 ni wọ́n fẹ́ gbà. Nígbà tí wọ́n dé 10,008, wọ́n dá a dúró, nítorí àwọn tó ń gba oògùn ló ń kú jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, 1,052 ti kú nínú àwọn tó gba sítẹ́rọ́ọ̀dì, 893 nínú àwọn tí kò gbà á. Ìdá 21.1 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, sí ìdá 17.9. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, àlàfo náà kò dí.

Ariyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan ní methylprednisolone ni wọ́n lò, kì í ṣe dexa, ìwọ̀n tí wọ́n lò sì pọ̀ ju èyí tí àwa ń lò lọ. Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ, mi ò sì rò pé ó yẹ kí wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà dá a lóhùn pé, "Ó dáa. Mú ìwádìí tìrẹ wá, èyí tí dexa ti gba orí tó fọ́ là." Kò rí mú wá. Mátíróònù wa, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní tirẹ̀ kàn sọ pé, "Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àpótí pàjáwìrì." Wọ́n gbé e lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù àwọn oògùn tó kù. Ọ̀nà tí àṣà fi ń kú ní ilé ìwòsàn nìyẹn: ẹnìkan gbé nǹkan kúrò níbi tí ọwọ́ ti ń tó o.

Nǹkan kan ló gbà mí lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀, mo sì ń rò ó títí di ìsinsìnyí. Èèyàn mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni ìyàtọ̀ yẹn. Nínú àwọn ọgọ́rùn-ún tó fi orí gbá tí wọn kò gba oògùn náà, bíi méjìdínlógún kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gba oògùn, bíi mọ́kànlélógún kú. Ta ni nínú wa tó fẹ́ fi ojú lásán rí ìyẹn? Ní wọ́ọ̀dù, ikú kì í wá ní ìwọ̀n. Oṣù Kejìlá á dé, ọ̀nà á kún, àwọn tó fi orí gbá tó ń kú á pọ̀. Òjò á rọ̀ lọ́sẹ̀ kan, ọ̀kadà á máa yọ̀ ṣubú. Oṣù mìíràn á rọlẹ̀, a ó máa dúpẹ́. Bí méje bá kú níbi tí mẹ́rin ti kú lóṣù tó kọjá, ohun tí a máa wí ni pé oṣù náà le. Kò sí ẹni tó máa wo ìgò dexa. Ìyá aláṣọ yẹn, ẹyọ ẹnì kan péré, kò kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Àwọn mẹ́ta tó lé nínú ọgọ́rùn-ún kò ní ojú, kò ní orúkọ. Mo ti gbọ́ tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí ń sọ pé "ìrírí wa fi hàn wá". Èmi náà ní ìrírí. Ṣùgbọ́n ìrírí nọ́ọ̀sì kan tàbí dókítà kan kò tó láti rí ohun tí ó gba ẹgbẹẹgbàárùn-ún aláìsàn kí ó tó hàn.

Ti rọpárọsẹ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìyẹn pàápàá. Ní 1987, àwọn dókítà ní Bangkok ní ilẹ̀ Thailand tẹ ìwádìí jáde lórí aláìsàn 93 tí ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ wọn. Àwọn tó gba dexa kú tó àwọn tí kò gbà á, kò sí èrè. Èyí tó pọ̀ lára àwọn tó gba dexa ni ìyọnu mìíràn: àrùn tí kòkòrò ń fà, àti ṣúgà tó ga. Wọ́n tètè dá ìwádìí náà dúró. Rọpárọsẹ̀ tí iṣan dí náà, ìwádìí tí wọ́n kó jọ lórí sítẹ́rọ́ọ̀dì fún un kò tíì fi hàn dájú pé ó ń gba ẹ̀mí là.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà yẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí wàhálà dexa ní kedere. A máa gún aláìsàn rọpárọsẹ̀ níka lówúrọ̀, ṣúgà á wà níwọ̀n. Bó bá gba dexa tán, alẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ á máa kọ iye tó ń bani lẹ́rù, a ó wá máa lé e kiri pẹ̀lú insulin. Bẹ́ẹ̀ ṣúgà tó ga máa ń ba ọpọlọ tó ti farapa jẹ́ sí i. Ọgbẹ́ ìdí kì í tètè jiná. Òtútù àyà á wọlé. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ dúdú, èyí tó túmọ̀ sí pé inú ń ṣẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, dexa máa ń mú kí ara èèyàn yá gágá, kí ebi máa pa á, kí ojú rẹ̀ dán, ìdí sì nìyẹn tí ẹbí fi máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún un. Ohun kan náà ló mú kí àwọn ọmọbìnrin máa rà á nítorí kí wọ́n lè sanra, tí ojú wọn á wá kún rọ̀bọ̀tọ̀ tí ẹsẹ̀ wọn á sì tín-ín-rín. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí.

Họ́mọ̀nù mìíràn wà tí ìròyìn rẹ̀ dùn mọ́ mi nígbà tó jáde: progesterone, èyí tí ara obìnrin ń pèsè púpọ̀ nígbà oyún. Donald Stein, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan, ló ṣàkíyèsí pé eku tó jẹ́ abo tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa máa ń bọ̀ sípò ju akọ lọ, ó sì tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ họ́mọ̀nù yìí. Ìwádìí kékeré lára èèyàn ní Amẹ́ríkà àti ní Ṣáínà dùn ún gbọ́. Ohun tó tún mú mi rẹ́rìn-ín ni pé inú iṣu ni Russell Marker ti rí ọ̀nà láti ṣe progesterone púpọ̀ lówó pọ́ọ́kú ní Mexico ní àwọn ọdún 1940. Iṣu igbó ni o, kì í ṣe èyí tí àwa Ìjẹ̀ṣà fi ń gún iyán, kí ẹnikẹ́ni má lọ máa jẹ iyán láti wo orí fífọ́. Ìwádìí ńlá méjì wá parí, wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde ní 2014. Ọ̀kan gba aláìsàn 882, èkejì gba 1,195. Àwọn tó gba progesterone kò sàn ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ohun tó wo eku sàn, tó sì dára lára ọgọ́rùn-ún èèyàn, kò dúró nígbà tí wọ́n fi kèké pín èèyàn púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mo rí i nínú ọ̀rọ̀ orí yìí nìkan.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí tẹ̀ lé mi wá sílé. Bàbá kan ní àdúgbò wa, ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá fínra tipẹ́, jí lówùúrọ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé sókè. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Kí n tó dé, onísọ̀ kẹ́mísì tó wà ní ìkóríta ti dé ibẹ̀. Ọmọdékùnrin dáadáa ni, ó máa ń kí mi tọwọ̀tọwọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti fún bàbá ní dexa méjì, kí ọpọlọ wọn má baà wú." Ó ti ń já oògùn ìfúnpá tó fẹ́ fọ́ sábẹ́ ahọ́n bàbá. Àbúrò bàbá dúró lẹ́bàá rẹ̀ pẹ̀lú ife àgbo.

Mo gba ife àgbo náà kọ́kọ́. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú lè má lè gbé nǹkan mì, ohun tí ẹ bá sì dà sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Mo ní kí wọ́n fi ìrọ̀rí gbé orí àti èjìká rẹ̀ sókè, kí ọrùn rẹ̀ dúró ṣánṣán, kó má ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kí oògùn ìfúnpá yẹn padà sínú páálí: bí iṣan bá dí, ìfúnpá tó ga díẹ̀ ló ń ti ẹ̀jẹ̀ dé ibi tí kò tíì kú, bí ẹ bá jà á lulẹ̀ lójijì, ẹ ti pa ibẹ̀. Mo wá bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìgbà wo lẹ rí bàbá kẹ́yìn tí ara wọn dá ṣáṣá?" Ó ní wọ́n ṣe àdúrà alẹ́ pọ̀. Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì ju abẹ́rẹ́ lọ. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni ààyè tó sábà máa ń ní, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ya àwòrán orí ná kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló ya. Àdúrà alẹ́ sí òwúrọ̀ ti kọjá ìyẹn, ṣùgbọ́n a gbé e lọ kíákíá bákan náà.

Onísọ̀ kẹ́mísì kò fara mọ́ ọn. Ó ní, "Màmá, ṣebí dexa yìí náà ni wọ́n fi ń wo Kòrónà?" Mo ní òótọ́ ni. Ní 2020, ìwádìí ní Bìrìtìkó fi hàn pé dexa dín ikú kù pẹ̀lú bí ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí. Ó tún fi hàn pé àwọn tí kò nílò atẹ́gùn rárá kò jèrè nínú rẹ̀. Àrùn kan náà, oògùn kan náà, ẹni tó wúlò fún yàtọ̀. Ó dákẹ́. Mi ò rò pé ó gbà.

Wọ́n gún bàbá níka nílé ìwòsàn, ṣúgà ti fò sókè. Àwòrán fi hàn pé iṣan ló dí. Ọjọ́ mélòó kan tó tẹ̀ lé e ni mo ń bẹ̀rù jù, nítorí láti ọjọ́ kejì dé ọjọ́ karùn-ún ni wíwú rọpárọsẹ̀ máa ń le jù, nígbà tí ẹbí ti rò pé ewu ti kọjá. Bàbá yè. Ó ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ fà díẹ̀. Nígbà tí mo bá onísọ̀ kẹ́mísì pàdé, ẹ mọ ohun tó sọ? "Màmá, ẹ ò rí i, abẹ́rẹ́ wa ló jí bàbá." Kí ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn? Ojú rẹ̀ ló fi rí i, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe fojú rí ìyá aláṣọ.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé bí kò bá sí dexa, kí ni wọ́n ń ṣe sí orí tó wú? Àwọn ohun tí kò ní orúkọ ńlá ni púpọ̀ nínú wọn. Gbígbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè ní ìwọ̀n dígíríì 30, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn padà láti orí. Mímú ibà rọlẹ̀. Ṣíṣọ́ ṣúgà, ṣíṣọ́ atẹ́gùn. Omi iyọ̀ tó le tàbí mannitol, tó ń fa omi jáde láti inú ọpọlọ fún ìgbà díẹ̀. Mannitol ní ìwà kan tí ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́. Ní àárọ̀ ọyẹ́, tí òtútù bá mú ní Iléṣà, ó máa ń dì sínú àpò rẹ̀, ẹ ó rí i tó ń tàn wínniwínni. Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò sí ìmọ́lẹ̀ lè fà á bẹ́ẹ̀ sí aláìsàn lára. A máa ń rì í sínú omi gbígbóná títí yóò fi yọ́, a ó jẹ́ kó tutù díẹ̀, a ó tún gbé e sókè wò kí ó tó kan aláìsàn. Rọ́bà ìtọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀, nítorí ìtọ̀ á ya. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, oníṣẹ́ abẹ lè ṣí apá kan agbárí kí ọpọlọ rí ibi wú sí. Ìyẹn máa ń gba ẹ̀mí àwọn kan là nínú rọpárọsẹ̀ ńlá, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á yè pẹ̀lú ara tí kò ní lè dá tọ́jú. Ẹbí ló yẹ kó gbọ́ ìyẹn kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé.

Mo sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Alẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè mí lórí fóònù, ọmọ ọ̀kan nínú wọn ni. Ó ní bàbá òun ti ń lo dexa oníhóró fún bí oṣù mélòó kan, òun sì ti gbà á lọ́wọ́ wọn láàárọ̀ nítorí ohun tí ìyá òun gbọ́ lẹ́nu mi. Bàbá ti ń bì, kò lè dìde. Àyà mi já. Ara tó ti ń gba dexa láti ìta fún ìgbà pípẹ́ máa ń dáwọ́ ṣíṣe tirẹ̀ dúró. Bí ẹ bá gé e lójijì, ìfúnpá á já, okun á tán, bó bá sì jẹ́ kókó ló wà lórí, wíwú náà á padà wá. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà fi ń dín in. Mo ní kó fún bàbá ní hóró tó yẹ kí wọ́n ti lò láàárọ̀, bí wọ́n bá lè gbé e mì, kí wọ́n sì gbé wọn tòun ti páálí oògùn lọ bá dókítà tó kọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n, Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní dexa ò dáa fún orí?"

Mo ní, "Rọpárọsẹ̀ àti ẹni tó fi orí gbá ni mo sọ. Kí ni wọ́n ní ó wà nínú orí bàbá rẹ?"